Ẹ Má Fún Un ní Lẹ́tà, Ẹ Fún Un ní Ìwé

Àwọn àgbà ni wọ́n wí pé ẹni tí kò lè gbé èèrà, tí ó ń kùsà sí erin, ara rẹ̀ ni ó ń tàn jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a ro ọ̀ràn àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó ń fẹ́ ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ṣùgbọ́n tí wọn kò fẹ́ jókòó dáhùn ìbéèrè lórí òfin ojú títì. Ẹni tí ìbéèrè orí ìwé dẹ́rù bà, báwo ni yóò ti ṣe nígbà tí ọmọ ilé-ìwé bá já sí iwájú ọkọ̀ rẹ̀ lójijì, tí kò sì sí ẹni tí yóò bá a dáhùn?

Ẹ jẹ́ kí a fi Ajíbọ́dẹ ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú kékeré yìí, ní ẹ̀yìn Yunifásítì Ìbàdàn, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé, abúlé àwọn àgbẹ̀ ni a mọ̀ ọ́n sí láyé àtijọ́. Lónìí, ilé ti gba ààyè oko. Akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ń gbé ibẹ̀, oníṣòwò ń gbé ibẹ̀. Ọkọ̀ Micra, kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọ̀kadà àti lọ́rì oníyanrìn ni wọ́n jọ ń du ojú ọ̀nà kan náà mọ́ ìyá arúgbó tí ó ru igbá àti ọmọdé tí ó so àpò ìwé mọ́ ẹ̀yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí bàbá rẹ̀ fi ọkọ́ wá oúnjẹ, ọkọ̀ ni òun fẹ́ fi wá tirẹ̀. A kò bá a wí. Iṣẹ́ ọlá ni iṣẹ́ ìwakọ̀ fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n.

Òfin ilẹ̀ wa sì ti là á sílẹ̀ bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò ti ṣe é. Kí ó pé ọmọ ọdún 18. Kí ó lọ kọ́ ọkọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí ìjọba mọ̀, kí ó sì gba ìwé akọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí ó lọ síwájú àwọn V.I.O., kí wọ́n dán an wò lórí òfin ojú títì àti lórí ìwakọ̀ gan-an. Bí ó bá yege, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó yóò fún un ní láísẹ́ǹsì. Kò sí ohun tí ó ṣòro nínú èyí fún ẹni tí ó bá fara balẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni a ń rí? Kàkà kí ọmọ náà lọ ra ìwé, ilé alága wọ́ọ̀dù ni yóò kọ́kọ́ lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Yóò ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ lẹ́tà sí wọn. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ yín ni mí." Bàbá yóò sì rántí pé ọmọ yìí kan náà ni ó fi ọ̀kadà ṣíwájú ọkọ̀ wọn ní ọjọ́ ìpolongo ìbò, tí òjò pa á, tí kò sì bèèrè kọ́bọ̀. Àánú rẹ̀ yóò ṣe Bàbá. Bàbá yóò mú kálàmù.

Ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ káàkiri, ẹ̀yin ni a ń bá wí lónìí, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni a ní lọ́kàn. A mọ̀ pé ẹ kò ní ìkà nínú. Ẹ rò pé oore ni ẹ ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a jọ wo oore náà dáadáa. Lẹ́tà yín lè ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n kò lè tẹ bíréèkì. Ìdánwò tí ẹ bá ọmọ náà yẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá, ojú títì yóò gbé e ka iwájú rẹ̀ ní ọjọ́ tí kò rò, kò sì ní fún un láyè láti tún un ṣe. Bí ó bá sì kùnà ní ọjọ́ náà, òun nìkan kọ́ ni yóò san án. Àwọn èrò ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò bá a san nínú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé àbúrò yín wà láàárín wọn.

Ọ̀ràn láísẹ́ǹsì èrú yìí kì í ṣe tuntun. Nínú eré orí ìtàgé tí Wọlé Ṣóyínká kọ ní ọdún 1965, èyí tí ó pè ní The Road, ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Professor, tí ó ń ṣe ayédèrú láísẹ́ǹsì fún àwọn awakọ̀. Àwọn kan lè fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ eré náà kò fi ọ̀rọ̀ ojú títì mọ sí orí ìtàgé. Ní ọdún 1977, òun ni ó dá ẹ̀ṣọ́ ojú títì sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nítorí ikú tí ó ń pa ènìyàn lójú ọ̀nà, pàápàá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì gbé Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó kalẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1988, òun ni ó kọ́kọ́ jẹ́ alága rẹ̀. Nítorí náà, ilẹ̀ wa níhìn-ín ni irú iṣẹ́ yìí ti hù kí ó tó tàn dé ibòmíràn. Ìtìjú ni yóò jẹ́ bí ó bá jẹ́ pé níbí kan náà ni a ó ti máa fi lẹ́tà sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́.

Àwọn kan yóò bi wá léèrè pé, "Kí ni ó wà nínú ìwé náà tí ẹni tí ó ti ń wakọ̀ kò mọ̀?" Ìbéèrè rere ni. Ọmọ tí ó bá ọ̀gá rẹ̀ gun lọ́rì fún ọdún mẹ́ta mọ jíà, ó mọ bí a ti í pààrọ̀ táyà, ó mọ ibi tí kòtò wà láti Ajíbọ́dẹ dé Òjóò. Ìmọ̀ gidi ni èyí, a kò fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kò kọ́ ni òun náà kò ní mọ̀. Ẹ bi í pé kí ni ìyàtọ̀ láàárín àmì onígun mẹ́ta tí etí rẹ̀ pupa àti àmì róbótó tí etí rẹ̀ pupa. Ti onígun mẹ́ta ń kìlọ̀ fún un pé nǹkan ń bẹ níwájú. Ti róbótó ń pàṣẹ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣe nǹkan kan. Ìkìlọ̀ yàtọ̀ sí àṣẹ. Bí a bá wá dorí onígun mẹ́ta náà kodò, ó ń sọ fún un pé kí ó fún ọkọ̀ tí ó wà ní ọ̀nà tí ó fẹ́ bọ́ sí láyè. Ẹ bi í pé eré mélòó ni òfin gbà láyè. Nínú ìlú, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá 50 kìlómítà ní wákàtí kan. Ní títì márosẹ̀, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá 100, ọkọ̀ akérò kò sì gbọdọ̀ kọjá 90. Mélòó nínú àwọn awakọ̀ tí ó ń kó wa ní ojoojúmọ́ ni ó lè dáhùn láìwo ojú ẹlòmíràn?

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ìwọ̀n ilẹ̀ tí ọkọ̀ fi í dúró. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbé ìṣirò yìí sí ojú pátákó. Ìwé òfin ojú títì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá ń sá 30 máìlì ní wákàtí kan, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bíi 48 kìlómítà, yóò gba mítà 23 kí ó tó dúró: mítà 9 nígbà tí awakọ̀ ń ronú, mítà 14 lẹ́yìn tí ó ti tẹ bíréèkì. Bí ó bá ń sá 50 máìlì, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bíi 80 kìlómítà, mítà 53 ni yóò gbà, èyí tí ó tó ìdajì pápá bọ́ọ̀lù. Ẹ kíyè sí i pé eré náà kò tí ì di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ilẹ̀ tí ó fi dúró ti ju ìlọ́po méjì lọ. Ojú títì gbígbẹ sì ni a ń wí o. Bí òjò bá rọ̀, tí ẹrẹ̀ sì bo ọ̀dà, ó di ọ̀ràn mìíràn. Awakọ̀ tí kò mọ èyí yóò máa rò pé ẹsẹ̀ òun yá, pé bí òun bá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ yóò gbọ́. Ọkọ̀ kì í gbọ́ ti ẹni. Ó ní òfin tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo àwọn ọmọ wa tí ó lọ sí ìlú òyìnbó, nítorí olùkọ́ pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí ó bá mú láísẹ́ǹsì Nàìjíríà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè fi í wakọ̀ fún oṣù 12 lẹ́yìn tí ó ti di ará ibẹ̀. Lẹ́yìn èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti wakọ̀ fún 20 ọdún nílé, yóò jókòó ṣe ìdánwò bí ọmọ tuntun. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti ya ìdánwò orí ìwé sọ́tọ̀ níbẹ̀. Ìbéèrè 50 ni, ẹni tí kò bá gba 43 ti kùnà. Láti ọdún 2002 ni wọ́n sì ti fi àwòrán tí ń rìn kún un, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ojú awakọ̀ yára rí ewu kí ó tó dé. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn tí ó ń yege nínú ìdánwò orí ìwé yìí kò tó ìdajì àwọn tí ó ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ni èdè abínibí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ọmọ wa kan dé ibẹ̀, wọ́n kùnà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kùnà lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹni tí ó gba láísẹ́ǹsì fún wọn nílé kò ṣe wọ́n lóore. Kò sí alága wọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù tí yóò kọ lẹ́tà.

Nígbà náà, báwo ni ẹni tí ó fẹ́ yege yóò ti kàwé? Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọn yóò fi ìwé sílẹ̀ títí ọ̀la yóò fi di ìdánwò. Wọn yóò wá tan iná, wọn yóò kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn yóò tún un kà, ojú wọn yóò pọ́n. Ní àárọ̀, wọn yóò rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ òwúrọ̀ kan ni, kì í pẹ́ kí ó tó fò lọ. Ní ọdún 1885, Hermann Ebbinghaus, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwé kan jáde lẹ́yìn tí ó ti dán ìrántí ara rẹ̀ wò fún ìgbà pípẹ́. Ó rí i pé kíákíá ni ohun tí a kọ́ ń sá kúrò lórí, àti pé ohun tí a pín kọ́ sí ọjọ́ púpọ̀ ń dúró ju èyí tí a rọ́ pọ̀ mọ́ ìjókòó kan lọ.

Ní ọdún 2006 pẹ̀lú, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, dán ọ̀rọ̀ kan wò pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Wọ́n ní kí wọ́n ka àyọkà kan lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n sì ní kí wọ́n ka òmíràn lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n pa á dé, kí wọ́n sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, èyí tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì ni ó ta yọ: wọ́n rántí 81 nínú 100, nígbà tí èkejì jẹ́ 75. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, èyí tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì ti já wá sí 42, èyí tí wọ́n pa ìwé dé láti rántí sì wà ní 56. Ẹ rí i pé kíkà nìkan dùn mọ́ ni, ó sì ń tan ni jẹ. Bíbi ara ẹni léèrè ni ó ń gbin ọ̀rọ̀ sí inú.

Ọgbọ́n yìí kò sì ṣàjèjì sí àwọn baba wa. Báwo ni ọmọ awo ṣe ń kọ́ Ifá? Kì í ṣe pé ó jókòó tẹ́tí nìkan. Ọ̀gá yóò kì í, ọmọ yóò kì í tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá yóò dákẹ́, ọmọ yóò dá a kì. Ibi tí ó bá ti ta kókó, ọ̀gá yóò tún un ṣe, ọmọ yóò sì tún un bẹ̀rẹ̀. Ọdún púpọ̀ ni ó ń lò bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òfin ojú títì, kí ó ṣe bí ọmọ awo.

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kan kí ìdánwò tó dé. Kí ó ka ojú ewé díẹ̀ lójúmọ́ nínú ìwé Highway Code ti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, kí ó pa á dé, kí ó sì sọ ohun tí ó kà jáde ní Yorùbá fún ìyàwó tàbí àbúrò rẹ̀. Ohun tí kò bá lè fi èdè ìyá rẹ̀ ṣàlàyé, kò tí ì yé e. Kí ó padà sí ojú ewé kan náà ní ọjọ́ kejì, àti lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Kí ó ya àwọn àmì ojú títì sí ara páálí pélébé, kí ó kọ ìtumọ̀ wọn sí ẹ̀yìn, kí ó dà wọ́n pọ̀, kí ó sì máa fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá mọ̀, kí ó yà á sí ọ̀tún. Èyí tí kò mọ̀, kí ó yà á sí òsì, kí ó sì tún ti òsì ṣe. Nígbà tí ó bá wọ ọkọ̀ láti Ajíbọ́dẹ lọ sí Òjóò tàbí Mọ́níyà, kí ó má ṣe sùn. Kí ó máa bi ara rẹ̀ pé, "Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń wa ọkọ̀ yìí, kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ níwájú yìí?" Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìdánwò, kí ó tètè sùn. Ní ọjọ́ náà, kí ó ka ìbéèrè tán kí ó tó wo ìdáhùn, kí ó sì ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ bíi "kò gbọdọ̀" àti "àyàfi", nítorí níbẹ̀ ni ìdánwò ń fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, a ní ẹ̀bẹ̀ kan sí yín. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Ṣẹ́ẹ̀rẹ́ ọdún 1955, ohun tí a ń wá ni pé kí ìmọ̀ kúrò ní ohun tí àwọn díẹ̀ fi ń ṣọlá, kí ó di ohun tí gbogbo ènìyàn fi ń gbé ilé ayé. Òfin ojú títì wà lára irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Yàrá ìkàwé ṣófo ní ìrọ̀lẹ́. Chalk wà, pátákó wà. Bí olùkọ́ kan bá yọ̀ǹda wákàtí méjì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí ó ka ìwé náà, tí ó túmọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá, tí ó sì bi àwọn ọmọ kẹ̀kẹ́ àti ọmọ Micra léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo àdúgbò ni yóò rí èrè rẹ̀. Àwọn tí kò mọ ìwé kà pàápàá ní etí, wọ́n sì ní òye. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì wọ́n.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, "Bí a tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, owó ni àwọn kan yóò bèèrè lọ́wọ́ wa." A kò ní sọ pé kò sí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìwé rẹ̀ ni ó lè dúró kí ó sọ pé, "Alàgbà, ẹ bi mí." Ẹni tí kò mọ nǹkan kan, òun náà ń fẹ́ kí wọ́n gba owó. Níhìn-ín gan-an ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú wà. Dípò kí aṣáájú kọ lẹ́tà fún ẹnì kan, kí ó bèèrè lọ́wọ́ ìjọba pé kí ìdánwò jẹ́ ìdánwò fún gbogbo ènìyàn, kí àmì ojú títì wà ní ibi tí ó yẹ, kí a sì fa ilà funfun fún àwọn ọmọdé ní iwájú ilé-ìwé. Lẹ́tà tí ó yẹ kí aṣáájú kọ nìyẹn, a ó sì bá a fọwọ́ sí i.

Àwọn àgbà tí ó wà láyé ní ọjọ́ kejì oṣù Igbe ọdún 1972 lè jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ wa. Ní ọjọ́ náà ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ojú títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Awakọ̀ tí ó ti fi 20 ọdún wakọ̀ di akẹ́kọ̀ọ́ padà ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ìtìjú kò sì pa wọ́n. Bí bàbá bá lè kọ́ ohun tuntun, kò yẹ kí ó ṣòro fún ọmọ.

Nítorí náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ mìíràn tí ọmọ náà bá tún dọ̀bálẹ̀ níwájú yín, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ìfẹ́. Ẹ fún un ní owó ìwé bí kò bá ní. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta nígbà tí ó bá padà wá. Bí ó bá sì yege, ẹ jẹ́ kí òun ni ó gbé yín lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, kí ẹ jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.